Ta Ló Ní Kí Wọ́n Ṣílẹ̀kùn Opó?

Ẹ pa á. Mo ní kí ẹ pa nǹkan yẹn. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó ku díẹ̀ kó parí; mo mọ bí ó ṣe máa parí, òun gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ gbé fóònù yẹn sórí tábìlì, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wá jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Tèmi ọmọ mi, ìwọ lo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Ìyá àgbà, ẹ wá wò ó! Opó ti ṣílẹ̀kùn fún un! Òjò ń rọ̀, ó sáré lọ dì mọ́ ọn!" Mo bi ọ́ pé kí ló dé tó fi ṣí i, o ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́! Ojú mi ti di bàìbàì, àmọ́ Ọlọ́run ṣàánú mi, etí mi ṣì pé. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkọ obìnrin náà ń tún aago ṣe, pé ó kú, pé àbúrò ọkọ mú lọ́yà wá láti gba ilé, ara mi bù máṣọ. Mo ní ìtàn yìí mà ni. Wọ́n tún ti ṣe é. Wọ́n sì tún ti parọ́ mọ́ ọn.

Inú ìwé kan ni wọ́n ti mú ìtàn yẹn, ìwé náà sì ti dàgbà ju gbogbo wa lọ. Láyé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n kọ ọ́, nígbà tí Ìbàdàn ṣì ń jagun. Ẹ̀yin rò pé inú fóònù ni wọ́n bí i sí. Èmi mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá yín.

Ẹ ò mọ abúlé wa. Bí ẹ bá kọjá Lálúpọn báyìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ilé epo ni ẹ máa rí, ẹ ò ní mọ̀ pé oko kòkó ló wà níbẹ̀, pé òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní ni a fi ń mọ̀ pé ọdún ń lọ sópin. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, irin rélùwéè kan ni, tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò. Bí wọ́n bá lù ú nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo àwa ìyàwó ilé a gbé ọlọ ẹkùrọ́ wa, a fi òkúta sínú agbọ̀n, a gba abẹ́ igi náà lọ kàwé. Ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ọkọ wa kò lè gbà kí a kan jókòó kàwé lásán, nítorí náà a máa ń pa ẹkùrọ́ bí a ti ń kọ́ ọ. Kọ́, kọ́, kọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ìró òkúta wa láti ọ̀nà oko, ẹ ó rò pé agbẹ́gilére ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìjọ rán wá láti Ìbàdàn ló ń kọ́ wa. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Inú Bíbélì ló ti kọ́ wa ní a, b, d. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi ka "Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi", omi bọ́ lójú mi sórí ẹkùrọ́. Títí tí n ó fi kú, n ò ní dákẹ́ ọpẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí a mọ̀ ọ́n kà dé ìwọ̀n kan, Tíṣà ní òun fẹ́ fi nǹkan yẹ́ wa sí. Ó mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì nípọnnípọn kan jáde, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní ẹsẹ-ẹsẹ. Bí ó ṣe di pé gbogbo abúlé ń pè é ní Ìwé Opó nìyẹn.

Bí nǹkan bá le fún opó náà, gbogbo òkúta á dákẹ́. Bí ó bá bọ́ nínú ewu, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ìwé nìyẹn, ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́. Inú òkùnkùn ni sinimá ń mú ènìyàn jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ a sì kú sí itan rẹ̀.

A máa ń bá ìwé náà jà pàápàá. Ẹnì kan á ní, "Tíṣà, dúró ná. Àbúrò ọkọ yẹn, ṣé kò níyàwó nílé ni?"

"Kò níyàwó, ìyá."

"Irọ́ ni. Ẹ tún ilé rẹ̀ wò dáadáa."

Nígbà tí opó náà kúrò nílé, tó ń rìn nínú òtútù, Tíṣà wá ọ̀rọ̀ tí ó fi máa pe ohun funfun tí ń bọ́ láti ọ̀run lọ́hùn-ún. Ó mú èyí tó wà nínú Sáàmù, ó ní ó ń rìn nínú ẹ̀gbọ̀n òwú. A wo ara wa. Ta ni òtútù ń mú nínú òwú? Ìyá ọkọ mi, tí kò kàwé ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ìtàn kọjá òun, ní bóyá aṣọ ara rẹ̀ ló ti gbó jù. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ru iṣu ńlá kan wá.

"Tíṣà, fi èyí ránṣẹ́ sí i. Kí ebi má lọ pa á níbẹ̀."

"Màmá, obìnrin náà kò sí o. Ènìyàn kan ló jókòó, tó rò ó."

"Kò sí? Ẹkún tí mo ń sun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá ńkọ́?"

Tíṣà na ọwọ́. Ó gba iṣu náà. Gbogbo wa mọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ẹ gbọ́ bí ìwé náà ṣe parí, ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí. Opó gba yàrá kan ní ìlú mìíràn, ó ń fi aṣọ rírán bọ́ ara rẹ̀. Àbúrò ọkọ tọ̀ ọ́ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó ní òun ti dá ilé padà, kó ṣáà fẹ́ òun. Tíṣà ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn: "Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀." Ó pa ìwé dé. Kò sí òkúta kankan tó dún. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Fọlákẹ́ gbé òkúta tirẹ̀ sókè, ó là á mọ́ ẹkùrọ́ kan, ó ní, "Ó káre." Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà ẹnu wa. Bí ọkùnrin bá ń yọ wá lẹ́nu lọ́nà odò, a ó ní, "Ti ilẹ̀kùn o!"

Ìyá Fọlákẹ́ yìí ni ìyálé mi nínú agboolé. Ó ti wọlé ọkọ kí n tó dé. Fọlákẹ́ tí mò ń wí ni ìyá tó bí ìyá yín. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Òun ló kan àwọn ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, ibà sì pa á kó tó ráàyè kan ti fèrèsé. Ó ti kan ọ̀kan fún yàrá ara wọn tẹ́lẹ̀, igi ìrókò, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Fọlákẹ́ kékeré fi ìṣó ha ìlà wọ́gọwọ̀gọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Baba rẹ̀ kò nà án. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fá a.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, ẹbí pe ìpàdé. Ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà náà, bí ọkùnrin bá kú, àbúrò rẹ̀ ní í ṣú opó. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ó ń retí rẹ̀, ìyàwó méjì ló ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Adúmáadán ni àwa ìyàwó sọ ọ́, torí pé dúdú rẹ̀ ń dán. Dídán náà kò sì dénú.

Baálé wa, tó jẹ́ olórí ẹbí, ní, "Ìyàwó wa, ó tó àsìkò."

Ìyá Fọlákẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọlọ́run á dá yín sí. Mi ò fẹ́ ọkọ mọ́."

"Ta ló gbọ́ ọ rí?"

"Ó wà nínú ìwé, bàbá. Àwọn tó mú Bíbélì wá fún wa, opó kọ̀ ní ilẹ̀ wọn, ọ̀run kò sì wó."

"Òyìnbó ni obìnrin náà?"

"Òyìnbó ni."

"Ó sì wà nínú ìwé?"

"Èmi àti Tíṣà la jọ kà á, bàbá."

Baálé kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù ìwé. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ inú ìwé ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu." Adúmáadán dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rí eyín Ìyá Fọlákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ìgbà tí a ká kòkó tán lọ́dún náà ni ìròyìn dé pé mọ́tò sinimá ń bọ̀, ti àwọn tó ń ta ọṣẹ. Tíṣà sáré wọ agboolé wa bí ọmọdé. "Ìwé wa ni! Ìwé Opó! Wọ́n ti fi ṣe sinimá!" Ẹ ò tíì rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálé: "Bàbá, ẹ bá wa dé ibẹ̀. Ẹ wá fi ojú ara yín rí i." Òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, nínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́, torí pé mọ́tò náà tún ní abúlé mìíràn tó máa lọ nírọ̀lẹ́. Àwọn fèrèsé tí olóògbé kò ráàyè kàn, ẹní ni wọ́n fi dí wọn kí inú ilé lè ṣókùnkùn. Ooru mú wa bí iṣu inú ìkòkò. Ẹ̀rọ amúnáwá ń pariwo lẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ ń sá kiri. Ògbufọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, ó ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ní Yorùbá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin jáde, bàbá kan ní, "Ti Lálúpọn pariwo jù yẹn lọ." Nígbà tí funfun yẹn ń bọ́ láti òkè, gbogbo àwa obìnrin hó, "Ẹ̀gbọ̀n òwú rèé o!" Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé tútù ló tutù. Ìyá ọkọ mi dìde dúró nínú òkùnkùn, ó kígbe sí opó náà pé, "Ọmọ mi, ṣé iṣu yẹn dé ọwọ́ rẹ?" Tíṣà bojú.

A dé ibi ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà kàn án. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Opó wò ó, ó ti ilẹ̀kùn. Àwa obìnrin pariwo, "Ó tì í! Ó káre!" Ìyá Fọlákẹ́ di ọwọ́ mi mú. Ó yíjú wo Baálé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dúró. Àwòrán ń lọ. Mo rí ojú Tíṣà nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó ti fún pọ̀.

Ọwọ́ obìnrin padà sídìí kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun, òdòdó. Ògbufọ̀ gbóhùn sókè: "Ẹ̀yin ará ilé wa, opó ti gbà o! Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti ṣú u lópó!"

N kò bínú sí ògbufọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba ọkọ opó ni ọkùnrin yẹn, Gẹ̀ẹ́sì sì ní orúkọ kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní in, àbúrò ni àbúrò ń jẹ́. Ohun tó rí ló wí. Àwọn tí mò ń bínú sí ni àwọn tó jókòó sí ìlú wọn, tí wọ́n mú ìwé olóògbé, tí wọ́n ní ìparí rẹ̀ kò dùn tó.

Àwọn ọkùnrin fò sókè. Adúmáadán na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó gba ipò. Àwa obìnrin dákẹ́, bí ìgbà tí òkúta bá dákẹ́. Nígbà náà ni Ìyá Fọlákẹ́ gun bẹ́ǹṣì, ó di ẹní fèrèsé mú, ó fà á ya lulẹ̀. Oòrùn wọlé, ó gbá àwòrán náà nù. Opó, ọkọ tuntun, òdòdó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi aṣọ funfun.

"Irọ́ ni!" ó ní. "Ìwé kò wí bẹ́ẹ̀! Ó ti ilẹ̀kùn, ó padà sídìí aṣọ rẹ̀! Tíṣà, ẹ sọ fún wọn!"

Tíṣà dìde. "Òótọ́ ni, bàbá. Wọ́n yí i padà ni. Eré lásán ni èyí."

Baálé kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìwé ni ìròyìn. Ẹnì kan rò ó fún yín. Èmi fi ojú mi rí i lónìí. Òyìnbó ya obìnrin náà ní fọ́tò níbi tó ti ń gbà." Ó yíjú sí Ìyá Fọlákẹ́. "Fọ́tò ọkọ rẹ tó wà lára ògiri yàrá rẹ, ṣé irọ́ ló ń pa?"

Ta ló lè dá a lóhùn? Nínú abúlé tí ènìyàn kì í ya fọ́tò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó kú, ẹlẹ́rìí ni fọ́tò. Ohun tí Ìyá Fọlákẹ́ pè wọ́n wá rí ni wọ́n rí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Baálé ní obìnrin tó ti kọ́ ilẹ̀kùn títì nínú ìwé, kí a gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e ti ògiri ibi tí a ń kó kòkó sí. Mo sáré lọ bá Bàbá Ìjọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbà wá." Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì yìí jókòó lé, ta ló fún wa?" Mo ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà èwe mi. Ọlọ́run mọ̀ pé mo ti gbìyànjú àtidáríjì Bàbá Ìjọ. Ó ku díẹ̀.

Adúmáadán wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àpótí, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí kò nílẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ìwé ti parí o."

Ìyá Fọlákẹ́ kò gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń rán. "Ọkọ mi," ó ní, torí pé bí a ṣe ń pe gbogbo ọmọ ilé nìyẹn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò. Ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ tí mo fi ń ránṣọ."

Gbogbo agboolé gbọ́. Ìyá ọkọ mi fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Baálé pàṣẹ: bí kò bá fẹ́ ọmọ ilé, kó máa lọ. Ó lè mú ilẹ̀kùn rẹ̀ dání, a fi ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ ń dúró. Ọmọ kì í bá ìyá lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìyálé mi, ẹ ṣe sùúrù, ẹ dúró nítorí ọmọ." Ó ní, "Bí mo bá dúró, ohun tí ọmọ yìí máa kọ́ lára mi ni pé bí obìnrin bá kọ̀, wọ́n á yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò sì gbà. Ìyàwó, bá mi tọ́jú rẹ̀. Kọ́ ọ ní ìwé, kó lè fúnra rẹ̀ kà á bó ṣe parí."

Èmi àti òun la ru ilẹ̀kùn náà dé Lálúpọn, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ó ṣíji bò wá bí òrùlé. A ń gbọ́ ohùn Fọlákẹ́ láti inú agboolé títí a fi kọjá odò. Ìyá rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn kò jẹ́ kó lè yí orí. Ó gba yàrá nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ilẹ̀kùn kò gba ojú ọ̀nà. Wọ́n ní kí àwọn gé e, ó ní kí wọ́n gé ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ránṣọ títí ó fi darúgbó. Mo kọ́ Fọlákẹ́ ní ìwé bí mo ti ṣèlérí. Bí a bá lọ ná ọjà Lálúpọn, mo máa ń mú un lọ rí i, a kò sì gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Màmá Lálúpọn ni Fọlákẹ́ ń pè é. Èmi ni ó ń pè ní Ìyá. Ìyá Fọlákẹ́ á gbọ́ ọ lójú mi, á rẹ́rìn-ín, á bu ẹ̀wà sí i fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe sinimá wá fi ìyẹn ṣe tiwọn, kí wọ́n wá wá òdòdó tí wọ́n máa fi parí rẹ̀.

Tèmi, o ń ráhùn, mo gbọ́ ọ. O ní eré lásán ni. Ọ̀rọ̀ tí Tíṣà sọ gan-an lo sọ yẹn. Ẹni tó kọ ìwé náà ti kú, opó náà kò sì wà láyé rí; ta ló fẹ́ gbèjà rẹ̀? Ẹnikẹ́ni tó bá wù lè mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nígbàkigbà, kó ṣílẹ̀kùn fún un, kó ní ìfẹ́ ni. Wọn kò mọ ẹni tó ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yẹn níbòmíràn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí Fọlákẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tó dàgbà, tó jẹ́ kó sin ín, tó sì jẹ́ kó gbé ohun tó jogún wá sí Alákíà níbí nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yìí. Mo dúpẹ́. Inú sì ń bí mi. Méjèèjì ń gbé inú mi pọ̀, Ọlọ́run kò tíì lé èyíkéyìí jáde.

Dìde, Tèmi. Lọ sí yàrá yín. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi ìlà wọ́gọwọ̀gọ tí ẹ ń sọ pé eku ló jẹ ẹ́. Fọwọ́ kàn án. O ti rí i? Ó dáa. Wá tì í.

Rárá, má fi jẹ́jẹ́ tì í. Tì í kí n gbọ́.